Òṣùwọ̀n Tí Wọ́n Fi Wọn Ìyá Mi

  Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ètò yìí, ó dá mi lójú pé ìtàn bí àwọn bàbá wa ṣe bá ọkọ̀ ojú irin dé Kàdúná ni wọ́n ń retí. Ìtàn náà dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó jù mí lọ ti kọ ọ́ léraléra. Ìtàn òṣùwọ̀n ni mo mú wá ní tèmi: bí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọpọlọ ọmọ ènìyàn, bí wọ́n ṣe ṣì í wọ̀n, àti bí ó ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó mọ̀ pé òṣùwọ̀n náà ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà kan ilé mi, mo sì gbà pé yóò kan ilé ọ̀pọ̀ nínú yín.

Gàrí àti ẹ̀wà ni ìyá mi tà lọ́jà ìlú yìí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó bá jẹ́ oníbàárà wọn mọ mudù wọn. Ẹ̀yin náà sì mọ mudù kejì, èyí tí àwọn kan ń fi òòlù lu ìdí rẹ̀ títí tí yóò fi wú sínú. Mudù bẹ́ẹ̀ kì í yẹsẹ̀. Bí ẹ fi wọn ẹ̀wà nígbà ọgọ́rùn-ún, iye kan náà ni yóò máa gbà, láàárọ̀ tàbí lálẹ́, fún ọmọdé tàbí fún àgbà. Síbẹ̀ irọ́ ni ó ń pa, nítorí pé ohun tó ń pè ní mudù kan kò tó mudù kan. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì máa ń so wọ́n pọ̀. Kí òṣùwọ̀n máa mú èsì kan náà wá nígbà gbogbo, àìyẹsẹ̀ òṣùwọ̀n nìyẹn. Kí ó máa wọn ohun tí a sọ pé ó ń wọ̀n gan-an, ìjẹ́-òótọ́ òṣùwọ̀n nìyẹn. Òṣùwọ̀n lè ní ti àkọ́kọ́ láìní èkejì, ìyẹn ló sì ń tan ènìyàn jẹ jù, torí pé ohun tí kì í yí padà máa ń jọ òtítọ́ lójú wa.

Ní ọdún 2003, ìyá mi yọ̀ ṣubú lágbàlá. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan, dókítà ọ̀dọ́ kan tó níwà ọmọlúàbí sì yẹ̀ wọ́n wò. Eegun kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí ọjọ́ orí wọn, dókítà ní òun yóò ṣe ìdánwò ọpọlọ kan fún wọn, ìdánwò kékeré kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1975, tí gbogbo máàkì rẹ̀ jẹ́ 30. Dókítà yìí kò gbọ́ Yorùbá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń bèèrè, nọ́ọ̀sì kan sì ń tú u sí Haúsá tí ìyá mi ń gbọ́ nítorí ọjà. Kí ni déètì òní? Oṣù wo la wà? Ẹ máa yọ 7 láti inú 100, kí ẹ tún yọ 7 nínú èyí tó kù. Ẹ sípẹ́ẹ̀lì ọ̀rọ̀ kan láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹ kọ gbólóhùn kan sílẹ̀. Ẹ ya àwòrán yìí bí ẹ ṣe rí i. Ìyá mi kò lọ sílé ìwé ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bírò tí wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́, bí ẹni di ṣíbí ọbẹ̀ mú ni wọ́n ṣe dì í mú. Máàkì 11 ni wọ́n gbà. Dókítà fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé ọpọlọ ìyá ti ń rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú fáìlì, ó sì ní kí a má jẹ́ kí wọ́n máa dá tọ́jú owó mọ́.

Nínú mọ́tò, ìyá mi bi mí pé: “Kí ni mo fẹ́ fi yíyọ méje-méje ṣe? Ṣé mo jẹ ọmọ náà ní gbèsè ni?” Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n jókòó, wọ́n sì ka orúkọ obìnrin méjìlélógún tó ń dá èsúsú lọ́wọ́ wọn fún mi, ẹni tó ti kó, ẹni tó kàn, ẹni tó jẹ ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ àti ìdí tó fi jẹ ẹ́. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn. Èmi tí mo jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ipele kẹrìnlá ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Síbẹ̀, fáìlì ti sọ̀rọ̀. Àbúrò mi kan ní Èkó gbọ́, ó ní kí a gba èsúsú náà lọ́wọ́ wọn kó tó di ẹjọ́. Mo fara mọ́ ọn, ojú sì ń tì mí láti kọ èyí sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni a fi gbà á. Ìyá mi kò bá wa jà. Wọ́n kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ní oṣù kẹrin ni mo dá a padà fún wọn, nítorí pé àwọn obìnrin náà fúnra wọn wá sílé mi, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí ní abala kan nínú ẹ̀kọ́ nípa ìdánwò. Mo kọ́ ọ sórí láti fi yege ni, mo sì dà á nù lọ́jọ́ kejì. Ìgbà tí wọ́n fi wọn ìyá mi ni mo tó padà lọ kà á dáadáa.

Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹṣin, èmi náà yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn ọmọdé tó wà láàárín wa. Ní ìlú Berlin ní Jámánì, olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì, Wilhelm von Osten, ní ẹṣin kan tó ń jẹ́ Hans. Bí ẹ bá bi Hans ní iye tí mẹ́ta àti mẹ́rin jẹ́, yóò fi pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ lu ilẹ̀ nígbà méje. Ní 1904, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́tàlá yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò sì rí ẹ̀tàn kankan. Ẹni tó tú àdììtú náà ni Oskar Pfungst, tó tẹ ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 1907. Ohun tó ṣe kò le rárá. Ó ní kí ẹni tí kò mọ ìdáhùn bi ẹṣin léèrè, ẹṣin kò sì mọ̀ ọ́n. Ó bo ẹṣin lójú, ẹṣin kò mọ nǹkan kan. Ó wá hàn pé ara ẹni tó ń bèèrè ni Hans ń wò: bí iye náà bá ti pé, orí onítọ̀hún a mì díẹ̀ láìmọ̀, ẹṣin a sì dúró. Hans gbọ́n o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò gbọ́n. Àmọ́ ọgbọ́n wíwojú ènìyàn ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n ń pè é ní ọgbọ́n ìṣirò.

Ní àkókò kan náà, ní Paris, Alfred Binet àti Théodore Simon gbé ìdánwò kan jáde ní 1905. Ìjọba Faransé ló fẹ́ mọ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àrà ọ̀tọ̀ nílé ìwé. Binet fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe gbà pé iye tí ọmọ bá gbà jẹ́ nǹkan àbímọ́ tí kò lè yí padà. Ó kú ní 1911. Ìdánwò rẹ̀ sọdá òkun lọ sí Amẹ́ríkà, ìkìlọ̀ rẹ̀ kò bá a lọ. Henry Goddard, tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, rán àwọn ènìyàn lọ sí Ellis Island níbi tí àwọn àlejò ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi wọ New York. Nínú àwọn àlejò tí wọ́n yàn láti dán wò níbẹ̀, àwọn Júù, ará Ítálì, ará Hungary àti ará Rọ́ṣíà, bí mẹ́rin nínú márùn-ún ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ọpọlọ wọn kò pé. Ẹ rántí pé àwọn wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí omi, pẹ̀lú ẹbí àti ìbẹ̀rù, ẹnìkan sì ń túmọ̀ ìbéèrè fún wọn. Nígbà tí mo ka ibi yìí, nọ́ọ̀sì tó ń tú Gẹ̀ẹ́sì sí Haúsá fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó wá sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917, Robert Yerkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba àṣẹ láti dán àwọn tí wọ́n ń kó síṣẹ́ ogun wò. Nǹkan bíi 1,750,000 ọkùnrin ni wọ́n dán wò. Ìdánwò àwọn tó mọ̀wé ni Alpha, ti àwọn tí kò mọ̀wé ni Beta. Nínú Alpha, wọ́n bèèrè bóyá oògùn ni nǹkan kan tó ń jẹ́ Crisco, tàbí ọṣẹ ìfọyín, tàbí oúnjẹ. Ọ̀rá ìdáná kan tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ni. Wọ́n bèèrè iṣẹ́ tí gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan ń ṣe. Nínú Beta, àwòrán ni wọ́n fi hàn wọ́n, pé kí wọ́n ya ohun tó kù sí i: pápá ẹlẹ́yin tẹ́níìsì tí kò ní àwọ̀n, ẹ̀rọ giramafóònù tí kò ní ìwo, ilé tí kò ní ojú ihò èéfín lórí òrùlé. Ọkùnrin kan láti Sísílì ya àgbélébùú sórí ilé náà, nítorí pé ohun tó mọ̀ mọ́ ilé nílùú tirẹ̀ nìyẹn. Wọ́n kà á sí àṣìṣe fún un. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n kéde pé ní ìpíndọ́gba, ọpọlọ ọmọ ogun aláwọ̀ funfun ní Amẹ́ríkà kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti tó láti mú wọn fura sí òṣùwọ̀n wọn.

Ẹ̀rí mìíràn sì wà níwájú wọn. Bí àlejò bá ṣe pẹ́ tó ní Amẹ́ríkà ni máàkì rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àwọn tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ dọ́gba. Àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti Ohio àti New York gba máàkì ju àwọn aláwọ̀ funfun láti Mississippi àti Arkansas lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, ìdánwò náà ń pariwo pé ilé ìwé àti ìgbé ayé ìlú Amẹ́ríkà ni òun ń wọ̀n. Carl Brigham kò gbọ́. Nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1923, ó ní ohun tó fà á ni pé àwọn àlejò tó ń dé lẹ́yìn kò ní làákàyè tó àwọn tó ti dé ṣáájú. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, Amẹ́ríkà ṣòfin tó dín àwọn tó ń wọlé láti gúúsù àti ìlà-oòrùn Yúróòpù kù gan-an. Àwọn onítàn kò fẹnu kò lórí bí ìdánwò náà ṣe kópa tó nínú òfin yẹn, nítorí pé ọ̀pọ̀ aṣòfin ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ Brigham bí nínú láàárín wọn. Ní 1930, Brigham fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé ìfiwéra tí òun ṣe láàárín ẹ̀yà sí ẹ̀yà kò ní ìpìlẹ̀. Mo bu ọlá fún un lórí èyí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mo jẹ́, mo mọ iye ènìyàn tí mo rí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé ìròyìn tí òun kọ tẹ́lẹ̀ kò dára. Àmọ́ òfin náà wà níbẹ̀ títí di 1965.

Ìgbà tí wọ́n jìyà irú èyí tán ni wọ́n tó jókòó ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Ní 1955, Lee Cronbach àti Paul Meehl kọ àròkọ kan tí wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ títí di òní. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ nìyí. Ẹran ṣeé gbé sórí ìwọ̀n. Ọgbọ́n, ìbànújẹ́ àti ìgbàgbé kò ṣeé gbé síbẹ̀; a kò rí wọn sójú, àmì wọn nìkan là ń rí. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé òun ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí ó gbà pé ó jẹ́, kí ó sọ ohun tó yẹ kí ó bá a rìn àti ohun tí kò yẹ kí ó bá a rìn, kí ó sì lọ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Bí ìdánwò ìgbàgbé bá ń bá ọdún tí ènìyàn fi lọ sílé ìwé rìn ju bí ó ṣe ń bá ìgbàgbé gan-an rìn lọ, òṣùwọ̀n ìwé mẹ́fà ni, kí a má pè é ní òṣùwọ̀n ìgbàgbé. Donald Campbell fi ìbéèrè méjì kún un ní 1957. Àkọ́kọ́: ṣé ohun tí a ṣe gan-an ló mú àbájáde yìí wá? Ẹni tí ibà ń ṣe mu àgbo, ó sì sàn ní ọjọ́ kẹrin. Ṣé àgbo ni, àbí ọjọ́ kẹrin? Èkejì: bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ níbí, ṣé yóò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn mìíràn níbòmíràn?

Ìbéèrè kejì yìí ló mú ọ̀rọ̀ dé ilé wa. Ní 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan tí J. C. Carothers kọ nípa ọpọlọ ọmọ Áfíríkà. Dókítà yìí ló darí ilé ìwòsàn àwọn aláàárẹ̀ ọpọlọ ní Mathari, ní Nairobi, lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Ó fi ìṣesí ọmọ Áfíríkà wé ti òyìnbó tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí lára ọpọlọ iwájú. Ó tún ní àárẹ̀ ìbànújẹ́ ọkàn kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Níbo ló ti rí i? Ó ka àwọn tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni wọ́n ń gbé lọ sí ilé wèrè ìjọba amúnisìn? Ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ lójú ọ̀nà ni, ẹni tó ń sọ òkúta lu ọlọ́pàá ni. Obìnrin tó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá, tí kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́rin, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, ta ni yóò gbé e lọ síbẹ̀? Iye àwọn tó ń da ìlú rú ni Carothers kà, ó pè é ní iye àwọn tí ara wọn kò dá.

Ẹni tó dá a lóhùn ni Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, tó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Birmingham. Gbogbo yín mọ Àrò. Ní 1954, Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ìbátan wọn kan tó ń dáná fún wọn, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó ti rí i lójoojúmọ́ pé ohun tí Carothers ní kò sí wà dáadáa. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹnu lásán kò tó. Òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà pawọ́ pọ̀, nítorí pé Leighton àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣe ìwádìí nípa àárẹ̀ ọpọlọ ní agbègbè Stirling ní Kánádà. Ní 1961, wọ́n wọ inú àwọn abúlé Ẹ̀gbá àti ìlú Abẹ́òkúta, wọ́n bá ènìyàn tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún sọ̀rọ̀ nínú ilé wọn. Wọn kò jókòó sílé ìwòsàn kí aláìsàn máa wá bá wọn. Ìwé wọn jáde ní 1963. Ìbànújẹ́ ọkàn tí wọ́n ní kò sí lára wa, àmì rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ níbẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà ni wàhálà èdè. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu àwọn ará abúlé nígbà náà tó dúró fún gbogbo ohun tí òyìnbó ń pè ní àìsàn yìí. “Ìsoríkọ́” tí a ń lò lónìí kò tíì di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ní láti bèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé orun ń wá? Ṣé oúnjẹ ń wù yín? Ṣé ẹ máa ń sunkún láìnídìí? Ṣé iṣẹ́ ti sú yín? Àwa Yorùbá tún ní tiwa tí kò sí nínú ìwé wọn. Ìyá àgbà kan lè má sọ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ rárá, kí ó sọ pé àyà òun ń já, pé nǹkan ń rìn nínú orí òun bí èèrà. Ọdẹ orí ni a ń pè é, Dókítà Roger Makanjuola sì kọ àròkọ kan lé e lórí ní 1987. Dájúdájú, òṣùwọ̀n Àrò náà kò pé. Ẹni tí ibà ń ṣe náà ni àyà ń já, orun náà kì í wá fún ẹni tí ẹ̀fọn ń jẹ. Kí àmì kan tó dúró fún àìsàn kan ní Kánádà kò ní kó dúró fún un ní Abẹ́òkúta.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì tán títí di òní. Ní 2006, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí ńlá kan jáde, tí wọ́n fi Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Ẹfik ṣe. Ó fi hàn pé 12.1% nínú wa ló ti ní irú àárẹ̀ ọpọlọ kan rí láyé, nígbà tí ti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú irú ìbéèrè kan náà, jẹ́ 46.4%. Ìbá rọrùn láti máa yọ̀. Àwọn olùwádìí náà kò yọ̀. Wọ́n sọ pé ọ̀nà tí a gbà bèèrè wà lára ohun tó mú iye náà kéré. Èmi náà rò pé àlejò kan tó mú ìwé dání wọ àgbàlá yín, tó bi yín bóyá nǹkan ti ń ṣe yín lórí rí, ẹ mọ ohun tí ẹ ó sọ fún un.

Mo wá dé ibi tó kan ìyá mi gan-an. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, àti Hugh Hendrie láti Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan. Wọ́n fẹ́ mọ bí àìsàn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó, èyí tó ń mú kí àgbà máa ṣarán, ṣe pọ̀ tó láàárín àwọn Yorùbá ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, tí àwọn baba ńlá wọn ti Áfíríkà lọ. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni èyí tí mo ti sọ: báwo ni a ó ṣe dán ìrántí ẹni tí kò mọ̀wé wò láìjẹ́ pé ìwé ni a ń wọ̀n?

Ibi tí òṣùwọ̀n wọn ti wá yóò yà yín lẹ́nu. Láàárín àwọn Cree ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Manitoba ní Kánádà, tí ọ̀pọ̀ àgbà wọn kò lọ sílé ìwé, bíi tiwa. Wọ́n yọ kíkà àti kíkọ kúrò. Wọ́n tú àwọn ìbéèrè sí Yorùbá, ẹlòmíràn tún tú Yorùbá náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì láti mọ̀ bóyá ìtumọ̀ ti yapa. Ọjọ́ orí pàápàá, wọn kò gbà á bẹ́ẹ̀. Àgbà tí kò ní ìwé ìbí lè fi ọdún mẹ́wàá kún un tàbí kí ó yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ orí ni olórí ohun tó ń fa àìsàn yìí. Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ìtàn ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ogun báyìí, ìwúyè ọba báyìí. Adesola Ogunniyi àti Osuntokun tilẹ̀ kọ àròkọ kan ní 1993 láti yẹ ọ̀nà ìṣírò yẹn náà wò. Òṣùwọ̀n lórí òṣùwọ̀n.

Abala kejì ìdánwò náà ni mo kà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kì í dá àgbàlagbà nìkan bi léèrè. Wọ́n a bi ẹni tó ń bá a gbé: ṣé ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ ilé bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Ṣé ó ń gbàgbé ibi tó fi nǹkan sí? Ṣé ìwà rẹ̀ ti yí padà? Wọn kò fi í wé ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà. Ara rẹ̀ ti àná ni wọ́n fi ń wé e. Ẹni tí wọ́n bá fura sí níbẹ̀ ni dókítà yóò wá yẹ̀ wò dáadáa.

Osuntokun kú ní 1995, ọdún tí èsì àkọ́kọ́ jáde. Nínú àwọn 2,494 ènìyàn tó ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìbàdàn, 2.29% ni wọ́n rí pé ó ní àìsàn náà. Nínú 2,212 ní Indianapolis, 4.82% ni, bí wọ́n bá sì ka àwọn tó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ ọn, 8.24%. Àwọn kan sọ pé ó lè jẹ́ pé àwọn aláìsàn ti Ìbàdàn ń tètè kú ni wọn kò ṣe pọ̀. Olùwádìí padà sí ilé àwọn tí ara wọn dá, wọ́n ń tẹ̀lé wọn láti mọ iye àwọn tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àìsàn náà. Ní 2001, èsì jáde: 1.35% lọ́dún ní Ìbàdàn, 3.24% ní Indianapolis. Ìyàtọ̀ náà dúró.

Mo rò pé ìtàn mi yóò parí síbí, pé òṣùwọ̀n òyìnbó pa irọ́ mọ́ ìyá mi, òṣùwọ̀n Ìbàdàn dá wọn láre. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 2009, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Zaria wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní màmá fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ mẹ́ta. Ó ní wọ́n fún obìnrin kan ní owó èsúsú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n tún pè é lọ́jọ́ Ẹtì kó wá gbà á. Olóòótọ́ ni obìnrin náà, ó dá a padà, kò sì sọ fún èmi. Mo ní kò sí nǹkan kan, ọjọ́ ogbó ni. Ìbínú ọdún 2003 ṣì wà nínú mi.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Dókítà tí a bá níbẹ̀, ọmọ wa ni, Yorùbá ni ó sì fi bá wọn sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá mi kí i, wọ́n bèèrè ìlú rẹ̀, wọ́n kì í ní oríkì ilé baba rẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún ìyàwó rẹ̀ tó lóyún. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní: “Ọ̀gá, ìyá yìí gbọ́n jù mí lọ. Kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n.” Inú mi dùn, mo ti dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi kò dìde. Ó ní: “Dókítà, ẹ bi èmi.”

Ó yẹ kí n ti mọ̀, èmi tí mo ti ka gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí. Oríkì àti ìkíni tí ènìyàn ti ń sọ láti kékeré, òun ló máa ń pẹ́ jù lẹ́nu. Ọ̀yàyà ìyá mi ni ọkùnrin yẹn wọ̀n, ó sì pé mudù, ó kún dé ẹnu. Dókítà tún jókòó, ó fa àga sún mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Lọ́tẹ̀ yìí àwọn obìnrin èsúsú náà gbà pẹ̀lú wa. Ọ̀kan nínú wọn ń wá jókòó ti ìyá mi lọ́jọọjọ́ Àbámẹ́ta, òun ni ó ń ka owó, wọ́n sì ń jẹ́ kí ìyá mi máa pe orúkọ. Ní 2014 ni wọ́n wọ káà ilẹ̀. Ìwé tí mo kọ orúkọ àwọn méjìlélógún náà sí lálẹ́ ọjọ́ kìíní ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Márùn-ún nínú wọn yóò wà lórí ìjókòó lónìí, bí ọkọ̀ bá tètè kó wọn dé.